Bí a ṣe ń kun etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn kí ìlà rẹ̀ lè gún régé

Ẹni tó bá wọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ lára ògiri. Etí fèrèsé àti àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn ló máa ń lọ wò. Ibẹ̀ ni àwọ̀ méjì ti ń pàdé, bí ìlà tó wà láàárín wọn bá sì wọ́, kò sí bí ọ̀dà náà ṣe wọ́n lówó tó, iṣẹ́ ìkánjú ni gbogbo ènìyàn á pè é. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọ̀rọ̀ yìí tún le díẹ̀ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ àti èyí tí àwọn mìíràn wo tiwọn kọ́, ló ní ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì tó yọ síta yí fèrèsé ká. Ọ̀ṣọ́ yẹn ń gba àwọ̀ tirẹ̀, ògiri ń gba òmíràn, fèrèsé onígi tún ń gba ẹ̀kẹta. Ìlà méjì ni fèrèsé kan ṣoṣo ń béèrè nìyẹn. Ẹ lọ dúró níwájú Mọ́sálásí Ńlá wa, kí ẹ wo bí àwọ̀ ṣe ń pàdé àwọ̀ lára òpó àti lórí fèrèsé rẹ̀. Ìlà ló ń gbé gbogbo ọ̀ṣọ́ yẹn yọ.

Bí ẹ kò bá mú ohun mìíràn nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ mú èyí: férémù, ìyẹn igi tàbí irin tó yí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ká, ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, kí ẹ tó wá kun ògiri mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ògiri ṣáájú, nítorí pé òun ló tóbi jù, wọ́n sì fẹ́ rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀dà elépo, tí wọ́n ń pè ní peinture à huile lọ́jà, la fi ń kun igi àti irin. Ọ̀dà olómi ni ti ògiri. Bí ọ̀dà olómi bá kán sára férémù tó ti gbẹ, àkísà tútù kan ti tó, ó ti lọ. Bí ọ̀dà elépo bá kán sára ògiri tí ẹ ti kùn, ó ti mu wọlé nìyẹn. Bí ẹ bá fi diluant, omi tí a fi ń fọ ọ̀dà elépo, nù ún, ṣe ló máa fẹ̀ sí i. Ẹni tó fi férémù ṣáájú ń fi iṣẹ́ tó ṣòro sí ibi tí àṣìṣe ti ṣeé nù kúrò.

Àsìkò tó yẹ

Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó ń rọ̀ títí wọ oṣù keje, ó sì tún ń padà wá ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Igi tó ti mu omi òjò kì í gba ọ̀dà. Ó máa ń wú, bó bá wá gbẹ, á sún kì, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì máa bó. Fún ìta ilé, èmi fẹ́ràn ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ kò tíì le. Ọyẹ́ ń mú kí ọ̀dà tètè gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí ilẹ̀ pupa yí ká sì mọ èyí jù wá lọ.

Ẹ sá fún oòrùn pẹ̀lú. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sán. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, àárọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀dà tí oòrùn ń pa á gbẹ lójú kí inú rẹ̀ tó gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì á sì máa fà á ya.

Ohun èlò

Wọn kò pọ̀. Ẹ lè rí gbogbo wọn ní ọjà Wàndó tàbí ní ilé ìtajà èlò ìkọ́lé èyíkéyìí.

Búrọ́ọ̀ṣì pẹrẹsẹ méjì, ọ̀kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí 50 mm fún etí ògiri, ọ̀kan tó fẹ̀ tó 25 mm fún férémù. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà elépo kan ọ̀dà olómi láéláé. Ibi búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ náwó sí, kí ẹ sì dín owó kù níbòmíràn. Èyí tó pọ̀ lọ́jà máa ń já irun sínú ọ̀dà, irun kan ṣoṣo sì ti tó láti ba ìlà jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ fi irun rẹ̀ tẹ àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ẹnu rẹ̀ bá pàdé, tó tẹ̀ tó sì tún padà dúró, ó dára. Bó bá là sí méjì, ẹ dá a padà. Kí ẹ tó lò ó nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n mọ́ ọwọ́, ẹ fa èyí tó bá fẹ́ já kúrò, kí ẹ fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ.

Lẹ́yìn èyí: sáńpépà, tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní papier verre, èyí tó le díẹ̀ àti èyí tó kúnná, ọ̀bẹ ìhọ̀dà, mastic fún ojú ihò, agolo tòmáàtì òfìfo, àkísà tó pọ̀, ọṣẹ, àkàbà tí kì í mì. Àpò sìmẹ́ńtì tí a là, tí a gbọn eruku rẹ̀ dànù, ló dára jù láti tẹ́ sílẹ̀, nítorí pé kì í yọ̀ bíi nylon lábẹ́ àkàbà.

Kí ẹ tó ṣí ọ̀dà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì fún yàrá kan, ẹ má bẹ̀rù láti fi odindi ọjọ́ kan ṣe èyí.

Ẹ tú ohun tó bá ṣeé tú: ọ̀pá kọ́tìnì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìkọ́ fèrèsé. Ẹni tó ń kun ọ̀dà yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ká ń fi ìdajì wákàtí yẹra fún ohun tí tournevis (irin tí a fi ń tú ìdè) lè yọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kó ìdè kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára.

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ gbogbo férémù àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lára ògiri tó yí i ká. Òróró ọwọ́ máa ń pọ̀ nítòsí ọwọ́ ilẹ̀kùn, èéfín àti epo ìdáná sì máa ń pọ̀ lára fèrèsé ilé ìdáná. Ọ̀dà kì í dì mọ́ ọ̀rá. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń hù ní ìsàlẹ̀ fèrèsé níbi tí òjò ti ń wọlé, ẹ po ife javel (omi ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun) kan mọ́ ife omi mẹ́rin, kí ẹ fi pa á, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá fi omi ṣàn án. Ẹ má po javel mọ́ oògùn ìfọ̀mọ́ mìíràn, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró lọ́ṣẹ́. Kí ẹ tún wá ibi tí omi náà ti ń wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò padà wá.

Ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń bó, ẹ fi ọ̀bẹ ha á kúrò títí ẹ ó fi dé ibi tó ṣì lẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Ilé tó ti pẹ́, ọ̀dà ara fèrèsé rẹ̀ lè ní òjé nínú, eruku òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ. Ẹ máa fi omi rin ín bí ẹ ti ń ha á, ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu yín, ẹ kó ohun tó já sílẹ̀ sínú ọ̀rá kó tó gbẹ, kí ẹ sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Ẹ má gbálẹ̀. Kí àwọn ọmọ àti aláboyún wà ní ilé àwọn ẹbí lọ́jọ́ yẹn.

Igi tí ikán ti jẹ tàbí tó ti rà, ọ̀dà kò lè gbà á là. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un: bó bá wọlé láìsí wàhálà, káfíńtà ni kí ẹ pè. Fèrèsé onírin tó ti dípẹtà, ẹ ha ìpẹtà náà títí irin yóò fi dán, kí ẹ fi antirouille, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọjọ́ kejì nínú ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pupa padà.

Ó ku ojú ihò tó wà láàárín férémù àti ògiri. Níbi tí ògiri bá ti lanu, aláǹgbá ń rójú wọlé, omi náà ń rójú wọlé, ìlà ọ̀dà kò sì ní ibi tó máa jókòó sí. Ẹ fi mastic tó ń gba ọ̀dà dí i, acrylique ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Ẹ má lo silicone, nítorí pé kò sí ọ̀dà tó máa dì mọ́ ọn. Ẹ tẹ mastic náà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rin ìka yín sínú omi, kí ẹ fi fà á lẹ́ẹ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ máa wo bí ìka yín ṣe ń fi ojú kan tó tẹ́jú sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, tí mastic tó ṣẹ́kù ń ṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ nu èyí tó ṣù yẹn kúrò. Ojú tó tẹ́jú yẹn ni ìlà yín yóò gbà kọjá, bí ẹ bá ṣe fà á náà ni ìlà yóò ṣe rí.

Níkẹyìn, sáńpépà tó kúnná lórí gbogbo férémù, kí dídán rẹ̀ lè kúrò. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi omi rin ín bí mo ṣe wí. Lẹ́yìn náà, àkísà tútù.

Kíkun férémù

Ẹ ro ọ̀dà elépo dáadáa títí dé ìdí agolo, kí ẹ bu díẹ̀ sínú agolo tòmáàtì. Ẹ má ti inú agolo ńlá kùn. Eruku ń wọ̀ ọ́, ọ̀dà ń dì lójú, agolo sì wúwo lórí àkàbà.

Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀: àtẹ́rígbà, lẹ́yìn náà òpó méjèèjì, ìsàlẹ̀ fèrèsé gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ohun tó bá kán máa bọ́ sí. Ẹ kun ún tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dípò kí ẹ kun ún nípọn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà tó nípọn ń ṣàn, bó bá sì ti ṣàn tó gbẹ, sáńpépà ló kù. Ẹ fi wákàtí 24 sáàárín ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹ fi kún un bí ojú ọjọ́ bá tutù.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà náà ré kọjá sára ògiri díẹ̀, kó má ju ìdajì ìbú ìka lọ. Ẹ má wá ìlà kankan nísinsìnyí. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi sáńpépà tó kúnná ra ibi tó ré kọjá yẹn, torí pé ọ̀dà olómi ń yọ̀ lórí ohun tó ń dán.

Ìlà gan-an

Ọ̀dà ògiri la fi ń fa ìlà. Ẹ bù ú sínú agolo mìíràn, kó má ju ìlàjì lọ. Bí ooru bá mú, ẹ ta omi díẹ̀ sí i kó lè máa yọ̀ lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni mo wí.

1. Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ìdá kan nínú mẹ́ta irun rẹ̀ péré. Ẹ fi gbá inú agolo jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má fi nu etí agolo, nítorí pé gbogbo ọ̀dà tí ẹ fẹ́ lò ni ẹ ń nù dànù yẹn.

2. Ẹ gbé ọ̀dà sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sí férémù, kì í ṣe lára férémù. Ẹ tẹ́ ẹ gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

3. Láìki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo mọ́, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ irun rẹ̀ díẹ̀ kó lè fẹ̀, kí ẹ rọra sún ọ̀dà yẹn lọ bá férémù. Ẹ ó rí i tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣáájú irun búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà tí irun ń tì síwájú ló ń fa ìlà, irun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan férémù.

4. Bó bá ti dé etí, ẹ fà á lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró, títí ọ̀dà yóò fi tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tó kàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbígbẹ, kí ẹ fà á wọnú ibi tútù.

Ọwọ́ ń gbọ̀n? Ẹ fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí ẹ fi ìka ọmọńdinrín ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dúró ti ọ̀gá akunlé kan níbi tó ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ò dúró." Bàbá náà ò tiẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ojú rẹ ni ò dúró, ọmọ mi. O ń wo búrọ́ọ̀ṣì. Ibi tó ń lọ ni kí o máa wò." Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí, nítorí pé òótọ́ ni: bí ojú bá ṣáájú búrọ́ọ̀ṣì ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta mẹ́rin, ọwọ́ á tẹ̀ lé e.

Bó bá yà wọ férémù, ẹ fi àkísà tútù wé ẹnu ọ̀bẹ tàbí ìka, kí ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá parí.

Ẹ má sì fa gbogbo etí inú yàrá tán kí ẹ tó mú rouleau, ohun tó ń yí tí a fi ń kun ojú ògiri tó fẹ̀. Ẹ fa etí fèrèsé kan, kí ẹ fi rouleau kun ògiri tó yí i ká nígbà tí etí náà ṣì tutù, kí rouleau sún mọ́ férémù bó bá ti lè tó. Bí etí bá ti gbẹ kí rouleau tó dé, ipa búrọ́ọ̀ṣì á hàn yí fèrèsé ká nígbàkigbà tí oòrùn bá ta sí i.

Fún ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kun òun náà ṣáájú ògiri, títí kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wọlé sára ògiri. Kọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ló máa gbé ìlà fún yín. Bí ọ̀ṣọ́ náà kò bá yọ síta, tó jẹ́ pé ọ̀dà lásán ni wọ́n fi ṣe é, ẹ fi igi tó gún àti pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀ ná, pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ wọn òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé fèrèsé àtijọ́ kì í dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ scotch

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé scotch oníwèé, téèpù tí a ń lẹ̀ mọ́ etí ibi tí a kò fẹ́ kùn, ló ń mú kí ìlà gún. Lára ògiri tiwa, mi ò gbà á nímọ̀ràn bí ohun àkọ́kọ́. Ògiri tí wọ́n fi ẹfun tàbí ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kùn máa ń já tẹ̀lé scotch. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri: bí ọwọ́ bá funfun, scotch kò ní dì mọ́ ọn dáadáa, ọ̀dà tuntun náà kò sì ní dì mọ́ ọn bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ara férémù tó ti gbẹ dénú ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà férémù díẹ̀ kun etí scotch náà: èyí tó bá yọ́ wọlé á jẹ́ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ohun tó wà lábẹ́, kò sì ní hàn. Bó bá gbẹ, ẹ kun ọ̀dà ògiri. Ẹ yọ scotch nígbà tí ọ̀dà ògiri kò tíì gbẹ tán, kí ẹ fà á ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ ọ̀dà tuntun. Ẹ má jẹ́ kó sun ibẹ̀ lójú oòrùn, nítorí pé lẹ́ẹ̀mù rẹ̀ á kù sára férémù.

Ilẹ̀kùn, fèrèsé abala àti gíláàsì

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ kun ilẹ̀kùn, kí ẹ lè rí i tì lálẹ́. Ẹ kun pákó àárín rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà igi ìbú, igi òòró gbẹ̀yìn, kí búrọ́ọ̀ṣì máa tẹ̀ lé ìlà ara igi. Etí ilẹ̀kùn tó bá kọjú sí yàrá nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, àwọ̀ yàrá yẹn ló ń gbà. Ẹ má kun irin tó mú ilẹ̀kùn mọ́ òpó. Á máa han bí ẹ bá ń ṣí i, ọ̀dà rẹ̀ á sì máa rún.

Fèrèsé onígi alábala, èyí tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tò léra wọn, tó wọ́pọ̀ nínú ilé àtijọ́ Àjàṣẹ́, ń gba sùúrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ohun tó bá ṣàn láàárín abala kan sí èkejì á yọ síwájú, ẹ ó sì rí i nù nígbà tí ẹ bá ń kun iwájú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ padà lọ wo abẹ́ abala kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa ṣí i tì í díẹ̀ bó bá ń gbẹ, kó má baà lẹ̀ mọ́ra.

Fèrèsé naco, èyí tí gíláàsì pẹlẹbẹ tò léra wọn nínú rẹ̀, ẹ yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò. Gíláàsì tí a fi mastic lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà gun orí gíláàsì ní nǹkan bíi 2 mm, ìyẹn ló ń dènà omi òjò. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ ha á nígbà tó bá gbẹ.

Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀

Ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà olómi pẹ̀lú ọṣẹ, ti ọ̀dà elépo pẹ̀lú diluant, lẹ́yìn náà ọṣẹ. Ẹ má da diluant sí gọ́tà, torí pé ọ̀sà ni gọ́tà ń lọ. Ẹ dé e sínú ìgò, ìdọ̀tí á silẹ̀, ẹ ó sì tún lo èyí tó mọ́ lókè. Àkísà tó mu ọ̀dà elépo, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ níta kí wọ́n gbẹ. Bí ẹ bá ká wọn jọ sínú igun kan, wọ́n lè móoru fúnra wọn títí wọn yóò fi gbiná.

Lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ rìn yí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká. Ibi tó bá fẹ́ àtúnṣe á yọjú. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù ni kí ẹ mú fún un. Kí ẹ wá rọ ìwọ̀nba ọ̀dà kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré, kí ẹ dé e pa, kí ẹ kọ orúkọ yàrá àti oṣù tí ẹ kùn ún sára rẹ̀. Etí ilẹ̀kùn ni ọmọ àti àga máa ń kọ́kọ́ kọlù.